Sìdí, Apá Àgbò Yẹn Ṣì Wà Nínú Fìrísà

Ìjẹ̀bú-Òde,
July 12, 2023.

Sìdí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an lọ́sẹ̀ yìí.

A ṣe Ojúde Ọba ní June 30. Àwọn àgbà méjèèjì, Bàámi àti Alájì, jókòó pẹ̀lú régbérégbé wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà wọn, aṣọ kan náà, fìlà kan náà. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, Alájì ní òun máa gun ọ̀kan délé. Bàámi ní, "Orúnkún wo lo fẹ́ fi gùn ún?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá Ṣadé ti bímọ, obìnrin ni.

Sìdí, Bàámi àti Alájì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló dá a sílẹ̀. O gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan lọ kìlọ̀ fún ìyá olóòṣun kan ní Ìlọrin pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe níbẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sì kọ lẹ́tà sí Émíà Sulu-Gambari. Mo ka lẹ́tà náà tán. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n Émíà ló ń bá wí, ohun tó sì ń wí ni pé kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀. Kò bú Mùsùlùmí kankan tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀.

Rédíò kò kà á débẹ̀. Àkọlé ìwé ìròyìn nìkan ni wọ́n ń kà láàárọ̀, wọ́n á wá ní kí ará ìlú máa pè. Ẹnì kan ní kèfèrí ni Ṣóyínká. Òmíràn ní ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin. Kò sí èyí tó ka lẹ́tà náà nínú wọn. Ìta wa làwọn àgbà wà, ọpọ́n ayò wà láàárín wọn. Alájì ní, "Ó ti bú ẹ̀sìn wa." Bàámi dáhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ ká ṣe tiwa."

Ẹ̀yin, Sìdí! Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ. Alájì kàn wò ó, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ. Ayò náà ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, mẹ́rin nínú ihò kan, méjì nínú èkejì. Bàámi ò jẹ́ kí n kó o. Apá àgbò tí Alájì fi ránṣẹ́ ní Iléyá wà nínú fìrísà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sè é.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba. Wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ yẹn gan-an làwọn méjèèjì jọ fi aṣọ ẹgbẹ́ ṣeré!

Ọ̀la ni Ọ̀jọ̀gbọ́n á pé ọdún 89. Nílé ọkọ mi ní Ìsarà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá, kò sí ẹni tí kò ní ohun tó máa sọ nípa rẹ̀.

Sìdí, má bínú sí mi. Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sí Alájì lórí WhatsApp, èyí tí oníwàásù yẹn ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ṣóyínká, ó ti fi han gbogbo àdúgbò. Mo mọ̀ pé o ò ní ìkà lọ́kàn. Mo ti tú lẹ́tà Ọ̀jọ̀gbọ́n sí Yorùbá, mo sì fi ohùn ara mi kà á sórí fóònù. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fi ránṣẹ́, Alájì á rò pé Bàámi ló rán mi. Ìwọ ni kó o bá mi fi ránṣẹ́, kó o sì pè é. Má bá a jiyàn ẹ̀sìn o. Ṣáà sọ fún un pé wọn ò tíì fọwọ́ kan ẹran rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni kó o pè, ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni yóò jẹ́ ní Toronto níbẹ̀ yẹn.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́sẹ̀.