Ìpè Ọjọ́ Sátidé

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Mo jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wo fíìmù kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012. Bill W. ni orúkọ rẹ̀. Ó dá lórí Bill Wilson, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́. Nínú ẹgbẹ́ náà, wọn kì í sọ orúkọ ìdílé ẹni síta. Ìdí nìyẹn tí W fi dá dúró.

Vermont ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1895, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́, ó ń tà á ní Wall Street, ọjà ṣíà ní New York, ó rí jẹ. Ọtí kó gbogbo rẹ̀ lọ, ó wá ku owó oṣù Lois, aya rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ. Ní December 1934, lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn Towns ní New York, ó ké pe Ọlọ́run pé bí Ó bá wà, kí Ó fara hàn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kún yàrá náà. Kò fẹnu kan ọtí mọ́ títí ó fi kú lọ́dún 1971.

Bó bá ṣe tiwa ni, ẹ̀rí ti parí. Ìlù á dún, a ó jó, a ó lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ìlú Akron, ní Ohio, ní Sátidé 11 May 1935. Òwò tó gbé Bill débẹ̀ ti forí ṣánpọ́n, owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó dúró nínú òtẹ́ẹ̀lì Mayflower. Apá kan, ibi tí wọ́n ti ń mutí, ẹ̀rín ń sọ níbẹ̀. Apá kejì, fóònù àti orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Oṣù márùn-ún péré ló tíì lò láìmutí. Ó gbé fóònù, ó pe àlùfáà kan tí kò mọ̀ rí, Walter Tunks, ó ní ọ̀mùtí lòun, òun ń wá ọ̀mùtí míì bá sọ̀rọ̀.

Bó bá ṣe èmi ló pè, n bá ní ọmọ yahoo ni. Ká tiẹ̀ tún sòótọ́: mo máa ń pa fóònù mi lọ́jọ́ Sátidé nítorí ìwàásù.

Tunks kò pa tirẹ̀. Ó fún un lórúkọ àwọn èèyàn, Bill ń pè wọ́n títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ ìyáàfin Henrietta Seiberling. Òun ló mú un mọ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́-abẹ tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bayé rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní ìṣẹ́jú 15 lòun máa lò. Ó lé ní wákàtí mẹ́fà. Bill kò wàásù fún un. Ó ti fi oṣù márùn-ún wàásù fáwọn ọ̀mùtí New York, ẹnì kan ò jáwọ́. Tara rẹ̀ ló sọ. Ọjọ́ 10 June tí Dókítà Bob mutí kẹ́yìn ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ náà.

Dókítà yìí fẹ́ràn ìwé Jákọ́bù púpọ̀. “Ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín fún ara yín.” Fún ara yín ló wí, kò pè é ní fún pásítọ̀.

Bill kò di áńgẹ́lì o. Ọdún púpọ̀ ni ìbànújẹ́ ọkàn fi bá a jà, sìgá ló sì ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Nínú ìjọ wa, a mọ àwọn tó ń jẹ tọ́m-tọ́m kí wọ́n tó wọlé. A ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, a ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ òórùn. Láti Ọjọ́bọ̀ yìí, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, yàrá ẹ̀yìn á wà ní ṣíṣí. Arákùnrin méjì tí ọtí ti fojú wọn rí màbo rí yóò wà níbẹ̀. Èmi ò ní sí níbẹ̀, torí mi ò mutí rí. Iṣẹ́ Tunks lèmi lè ṣe: fóònù mi á wà ní títàn lọ́jọ́ Sátidé.