Dàpọ̀, pe Màmá

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Okun o. Òtútù Kánádà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ní Ìsánlú níbí, kaṣú ti parí, òjò ti dé, a ti gbin àgbàdo.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló mú mi kọ̀wé, kò ṣe é fi pamọ́ mọ́. Mo yà kí wọn lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Mo bi wọ́n bóyá o pè. Wọ́n fẹ́ èèpo kúrò nínú atẹ ná, wọ́n wá ní, "Adìyẹ bà lókùn." Mo bá wọn parí rẹ̀: "Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ." Wọ́n ní, "Bí èmi àti Dàpọ̀ ṣe wà nìyẹn."

Onílé àti ayálégbé tí ara wọn sú ara wọn ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, bíi pé ìnira nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wo okùn aṣọ yín yẹn, tí Bàbá rì òpó rẹ̀ lọ́dún 1991 tí wọ́n gé wa kúrò lára Kwárà bọ́ sí Kogí. Bí adìyẹ bá bà lé e, okùn á máa mì nítorí adìyẹ ò dúró jẹ́ẹ́. Adìyẹ ò sì lè dúró jẹ́ẹ́ nítorí okùn ń mì. Èwo lo fẹ́ dá lẹ́bi? Ní gáréèjì Kàbà, ọkọ̀ kì í tètè kún nítorí èrò ti bá ọ̀kadà lọ; èrò ń bá ọ̀kadà lọ nítorí ọkọ̀ kì í tètè kún.

Tiyín náà nìyẹn. O ní wọn kì í gbé fóònù, o bá dín pípè kù. Pípè rẹ wá ṣọ̀wọ́n débi pé bó bá dún, àyà wọn á já, wọ́n á rò pé ìròyìn burúkú ni, wọn ò ní gbé e. Owó lo wá ń fi ránṣẹ́. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń ṣàdúrà, àmọ́ wọn ò jẹun dáadáa. Ọbẹ̀ tí a máa ń sáré wálé jẹ láti ilé ẹ̀kọ́ Titcombe, wọn ò sè é mọ́. Wọ́n ní ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

Èmi ò bá ọ jà. Òwe náà ò sọ ẹni tó kọ́kọ́ mì. Ṣùgbọ́n adìyẹ ló lẹ́sẹ̀, Dàpọ̀; okùn ò ríbi lọ.

Jọ̀wọ́, pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa. N ó ti jókòó tì wọ́n, èmi ni n ó gbé e sí wọn létí. Má dárúkọ owó rárá. Bá mi kí ìyàwó.

Tìrẹ,
Báyọ̀