Ẹ̀yin Dókítà Ọkàn, Ẹ Bá Wa Sọ̀rọ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn dókítà dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, wọ́n ń sọ "heart failure" láàrin ara wọn, bàbá gbọ́ "failure", wọ́n ṣe bí ọkàn àwọn ti fẹ́ dákẹ́ nìyẹn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé pé agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ ló dínkù, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. A délé, bàbá pa oògùn Lasix tí wọ́n fún wọn tì torí ó ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ jù, àṣé omi tó mú ẹsẹ̀ wọn wú ló ń fà jáde! Ìgbà tá a padà lọ ni nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ wọn mú, ó ní "Bàbá, kí ló ń bà yín lẹ́rù?" Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó rí oorun sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi Yorùbá ṣàlàyé fáwọn àgbà wa.