Sítóòfù kékeré alágolo: ẹ kọ́kọ́ ro bí ẹ ṣe máa pa iná ẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mo ka àlàyé tí ẹnìkan kọ sínú ìwé ìròyìn yín nípa bí èèyàn ṣe lè fi páànù ṣe sítóòfù kékeré tó ṣeé gbé kiri, èyí tó ń lo epo dídì inú agolo, inú mi sì dùn gan-an pé ẹ gbé e jáde, torí èmi náà ti ń ṣe irú ẹ̀ láti bí ọdún 3 báyìí, mò ń gé, mò ń tún un gé, èyí tí ò dáa mò ń jù ú nù. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí ọkàn mi ò balẹ̀ sí, ibi tí ẹni náà ti ní tí iná bá ti fẹ́ kú kí èèyàn kàn gbé ìkòkò kúrò, kó da jẹ́ẹ̀lì míì kún un kó lè máa jó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé yìí, mo sì ní kí n kúkú sọ ohun tí ọwọ́ mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí mọ́ ọn.

Epo dídì tí à ń sọ yìí, ọtí spírìtì ni wọ́n pò di jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wá rọ sínú agolo. Èyí tí orúkọ ẹ̀ tàn jù ni Sterno, ara orúkọ ilé iṣẹ́ Sternau tó wà ní New York láyé ọjọ́un ni wọ́n ti yọ ọ́. Ohun tó dáa lára ẹ̀ ni pé kò nílò pọ́ǹpù, kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, tí agolo bá sì ṣubú kì í ya dànù wàá bíi kẹrosíìnì. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ ṣáná sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n iná ọtí ò jọ iná igi o. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí oòrùn bá mú ẹ ò ní rí i rárá. Ẹ lè bojú wo inú agolo kẹ́ ẹ ní ó ti kú, ó sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá da jẹ́ẹ̀lì látinú ìgò sí i, oru ọtí tó wà nínú ìgò lókè jẹ́ẹ̀lì yẹn á gbaná, á sì tú jáde lẹ́nu ìgò sára ẹni tó bá wà níwájú. Lọ́dún 2011 ní Amẹ́ríkà, irú jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń dà látinú ìgò yìí jó àwọn èèyàn débi pé àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe é ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Agolo wá ṣàǹfààní torí èèyàn ò nílò láti da nǹkankan. Èyí tó bá tán, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíì sí i. Ẹni tó bá ń ya àwòrán sítóòfù yìí, kó má tiẹ̀ fi ojú ìdàpo kankan sí i, àyè agolo ni kó ṣe.

Ohun tí mo wá fẹ́ sọ gan-an rèé. Ká tó ro bí sítóòfù yìí ṣe máa jó, ká kọ́kọ́ ro bí a ṣe máa pa á. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe rẹwà, gbogbo ẹni tó rí i ló ń yìn ín. Mo ká páànù róbótó, agolo wọ inú ẹ̀ pinpin, ìkòkò jókòó lé e lórí kò mì, mo wá lu ihò wẹ́wẹ́ 8 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún afẹ́fẹ́. Mo gbé omi ìlàjì lítà ka iná. Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, jẹ́jẹ́ ló ń jó. Nígbà tó máa tó bí ìṣẹ́jú 10, mo rí i tí ahọ́n iná ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ń gòkè, ó ń lá ọwọ́ ìkòkò, ike tó wà lára ọwọ́ náà sì ti ń rọ̀, mo ń gbọ́ tí nǹkan ń hó nínú agolo, pọ̀pọ̀pọ̀. Mo sáré mú ìdérí agolo, ibo ni mo fẹ́ gbà dé e? Ìkòkò wà lókè, páànù yí i ká, ọwọ́ ò wọbẹ̀. Mo fi aṣọ di ìkòkò mú kí n gbé e kúrò, omi gbígbóná dà sí mi lọ́wọ́, bí ìkòkò ṣe kúrò báyìí ni iná bá tún ga sí i torí ó ti rí afẹ́fẹ́. Abọ́ irin ńlá kan tó wà nítòsí ni mo fi bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó kú. Àpá ẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi títí dòní.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Páànù tó gbé ìkòkò náà ló di agolo mú, ooru òkè wá ń gba ara páànù sọ̀kalẹ̀, ó ń se agolo bí omi ṣe ń sè lókè. Omi á dé 100°C kó tó hó, ṣùgbọ́n ethanol, ìyẹn ọtí inú ẹ̀, 78°C ti tó o. Tí agolo bá ti gbóná, ọtí á máa yára di oru, iná á ga, tí iná bá ga páànù á tún gbóná sí i, páànù á tún gbé e fún agolo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ti ara wọn lọ. Kò sí ọwọ́ ẹnìkan níbẹ̀ o, sítóòfù fúnra ẹ̀ ló ń koná mọ́ ara ẹ̀.

Nínú èyí tí mò ń ṣe báyìí, agolo ò fara kan páànù ẹ̀gbẹ́ rárá. Ó jókòó lórí àwo pẹlẹbẹ kékeré tiẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ tó gbé ìkòkò dúró lọ́tọ̀, àlàfo sẹ̀ntímítà 1 ààbọ̀ sì yí agolo ká. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń gba àlàfo yẹn gòkè, ó ń tu agolo lára kó tó dé ibi tí iná ti nílò ẹ̀. Mo ti dán an wò fún wákàtí kan gbáko, iná ò ga ju bó ṣe wà nígbà tí mo ṣáná sí i.

Fún pípa, mo ṣe páànù pẹlẹbẹ kan tó ń wọlé tó ń jáde lórí agolo bíi dúrọ́ọ̀. Wáyà líle tó gùn tó sẹ̀ntímítà 15 ni ọwọ́ ẹ̀, ó yọ síta gbangba, èèyàn lè tì í wọlé láìgbé ìkòkò kúrò àti láìki ọwọ́ bọ inú iná. Tó bá wọlé tán, ó bo ẹnu agolo pátápátá, iná á kú. Iwájú ẹ̀ ni mo gé ihò kan sí, tó fẹ̀ bí ẹnu ìgò ńlá, tó máa ń kọjá ẹnu agolo tí páànù bá wọlé tán; tẹ́ ẹ bá tì í dé ìdajì, ibi ihò yẹn nìkan ni iná á máa gbà jáde, á wá jó kékeré fún ẹni tí kò fẹ́ kí omi ẹ̀ máa hó gùdùgùdù. Agolo ò ga dọ́gba, ìyẹn ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu, àfìgbà tí mo fi síkúrúù kan sábẹ́ àwo ìsàlẹ̀ kí n lè yí i sókè títí ẹnu agolo á fi pàdé páànù yẹn, torí tí àlàfo bá wà láàárín wọn iná ò ní kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fẹnu fẹ́ iná agolo, jẹ́ẹ̀lì tó ń jó lè ta sí yín lójú. Tẹ́ ẹ bá sì ti pa á, ẹ má tètè ṣí i wò. Ẹ fún un láyè kó tutù, kẹ́ ẹ wá fi nǹkan ṣíji bò ó kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé ọwọ́ sókè rẹ̀ níbi tó jìnnà kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ooru ṣì ń jáde.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti jíjó ẹ̀, torí ẹni tó kọ àlàyé àkọ́kọ́ ní sítóòfù òun ò lè hó omi, ó ní epo agolo ò lágbára. Epo náà ò lágbára bíi gáàsì lóòótọ́. Agolo gíráàmù 200 tí mò ń lò máa ń jó ju wákàtí 2 lọ, ooru tó ń mú jáde ò sì ju bíi wáàtì 500 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ooru yẹn gbé níta ìkòkò ló pọ̀ jù. Mo gbé ìlàjì lítà kaná níta láìsí nǹkan tó gba atẹ́gùn dúró, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25 omi náà ò ju kó gbóná lọ. Mo fi páànù yí i ká, mo dé ìkòkò, omi kan náà hó ní ìṣẹ́jú 13, mo gbé agolo sórí síkéèlì, gíráàmù 20 péré ló ti lọ. Epo kan náà, ìkòkò kan náà o.

Gíga ìkòkò sí ẹnu agolo náà ṣe pàtàkì, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Nígbà tí mo fi sẹ̀ntímítà 2 sí i, iná ń kọlu ìdí ìkòkò tútù kó tó jó tán, ó ń tàn yẹ̀bẹ̀ síta, òórùn kan tó ń ta imú ń jáde, ìyẹn ni pé ọtí tí kò jóná tán ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo gbé e dé 7, òórùn lọ, àmọ́ ooru ń gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Sẹ̀ntímítà 4 ló bá agolo tèmi mu, orí iná kàn ń fọwọ́ kan ìdí ìkòkò ni. Páànù tó gba atẹ́gùn dúró náà, ẹ má jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ẹ fi bíi sẹ̀ntímítà 1 sílẹ̀ yíká kí oru iná lè rí ọ̀nà jáde, kẹ́ ẹ sì lu ihò tó pọ̀ sísàlẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ 8 tèmi ìgbà yẹn ò tó, ihò 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 10 ni mò ń lu báyìí.

Lórí ọ̀rọ̀ páànù, ẹ má lo èyí tí wọ́n fi síǹkì bò kó má baà dípẹtà. Mo mọ̀ pé òun ló wọ́pọ̀ jù tó sì rọrùn gé, ṣùgbọ́n síǹkì ti ń yọ́ ní 419°C, tí iná bá ń bá a jà, èéfín ẹ̀ lè mú ibà àti ìwárìrì wá fún ẹni tó bá fà á símú. Irin lásán tàbí stainless tó nípọn tó ìlàjì mílímítà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹsẹ̀ 3 dáa ju 4 lọ torí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà ya síta ju ìdí ìkòkò lọ, torí ó tètè ń dà sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹsẹ̀ ò sí.

Wọ́n tún lè bi yín léèrè kí ló dé tẹ́ ò lo oníkóró, ìyẹn epo líle tí wọ́n ṣe bíi kóró oògùn. Erich Schumm ará Jámánì ló gbé Esbit, ọ̀kan lára irú epo oníkóró bẹ́ẹ̀, jáde lọ́dún 1936, ó fúyẹ́, sítóòfù ẹ̀ ń pa dé bí àpótí kékeré tí kóró epo náà á wà nínú ẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó ń rin ìrìn ẹsẹ̀. Àmọ́ ó máa ń fi nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ sí ìdí ìkòkò, kò sì rọrùn láti dín iná ẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí mo ṣe dúró sórí agolo.

Ohun kan kù tí mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Wọ́n máa ń sọ pé iná yìí ò léèéfín, nítorí náà wọ́n á gbé e wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń mú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò lóòórùn tí kò sì láwọ̀, èèyàn á kàn máa tòògbé lọ ni. Àwọn agolo kan sì wà tó jẹ́ methanol, irú ọtí spírìtì míì, ló wà nínú wọn, májèlé ni, ẹ ka ara agolo kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí ọmọdé. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, tàbí kẹ́ ẹ gbé e síta.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ àtúnṣe ibi ìdàpo yẹn jáde lójú ewé kan náà tí àlàyé àkọ́kọ́ wà, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà tó hàn kedere kọ ọ́, torí ẹlòmíì ti lè gé tàkọ́kọ́ pamọ́ kó máa wo ara ẹ̀ ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àwòrán páànù tó ń wọlé tó ń jáde yẹn pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀, mo ti yà á sórí páálí, màá fi ránṣẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín kan tó ń fọwọ́ gé páànù.