Fúnkẹ́, gbé bátìrì yẹn kúrò nínú yàrá Tómi

Ìbàdàn

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè ọmọ àti bàbá ọmọ: bátìrì bàlúù onírímóòtù rẹ, èyí tí o ní ó "wú díẹ̀" yẹn, jọ̀ọ́, gbé e kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tómi lónìí. Má dúró di òpin ọ̀sẹ̀. Má fi í sẹ́nu ṣájà mọ́, má sì fi í fò mọ́. Wá ìkòkò amọ̀ tàbí garawa onírin, da iyanrìn gbígbẹ sí i, ri bátìrì náà mọ́ àárín iyanrìn, kí o gbé e síta níbi tí òjò kò ti ní pa á, tí kò sì sún mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni kí o padà wá jókòó ka ìyókù.

Ó dáa. Ṣé àlàáfíà ni? Òtútù UK ń kọ́? Bàbá Tómi ń kọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá láàárọ̀ Sátidé tí ewé kankan kò bá mì, tí mo mọ̀ pé ká ní o wà nílé ni, ọwọ́ rẹ á ti wà lórí rímóòtù kí oòrùn tó yọ. Bọ̀dá Láyí ti gbéyàwó o, Màmá Ṣadé ti kó lọ sí Ìlọrin, gáàrì ti tún gbówó lórí. Ìròyìn ilé parí. Ó kan bàlúù rẹ.

O ní afẹ́fẹ́ ló gbá a lulẹ̀ nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́. Fúnkẹ́, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Wo koríko tó wà lẹ́yìn rẹ nínú fídíò yẹn, kò mì rárá. Bí o ṣe fún un níná báyìí, ó gbé imú sókè, ó dúró sójú kan, apá òsì rẹ̀ já sílẹ̀, ó sì yí lulẹ̀. Ìrù rẹ̀ ló wúwo jù.

O ní apá rẹ̀ fẹ̀ ní 20 cm láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn. Ibi tí gbogbo ìwúwo bàlúù ti gbọ́dọ̀ dọ́gba wà láàárín ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn 5 cm sí 6 cm sẹ́yìn etí iwájú. Fi bírò fa ìlà sí abẹ́ apá lọ́tùn-ún àti lósì ní 5 cm. Kó bátìrì àti ohun gbogbo sínú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò, kí o fi ìka kọ̀ọ̀kan gbé e lórí ìlà náà. Kí imú tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrù ló tẹ̀ sílẹ̀, má jẹ́ kó kúrò nílẹ̀. Tí ìwúwo bá ti lọ sẹ́yìn jù, elevator (pẹpẹ tó ń mì ní ìrù) tí o fà díẹ̀ péré á gbé imú lọ sókè kọjá bí o ṣe fẹ́, imú náà kò sì ní wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn tó yẹ kó máa ṣàn mọ́ òkè apá á já kúrò lára rẹ̀, apá á sì dẹ́kun gbígbé. Ìhà tó bá kọ́kọ́ dẹ́kun ni bàlúù ń ṣubú sí.

Má tíì lọ so òjé mọ́ imú rẹ̀ o. Sún bátìrì ná. Bàlúù rẹ wọ̀n tó 800 g pẹ̀lú bátìrì, bátìrì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 180 g. Fún gbogbo 1 cm tí o bá fẹ́ kí ibi ìdọ́gba lọ síwájú, bátìrì á sún síwájú ní bíi 4.5 cm. Tí ìdọ́gba tìrẹ bá wà ní 7 cm báyìí, 9 cm ni wàá sún un kó tó dé 5 cm. Tí àyè imú kò bá gbà á, gbé ESC (tó ń pín iná fún motor) àti receiver (tó ń gba àṣẹ rímóòtù) síwájú náà, tàbí kí o gé ìrù tó wúwo yẹn kúrò, kí o tún un ṣe pẹ̀lú fóòmù bọ́ọ̀dù tí o ti bó bébà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Gíráàmù kan tí o bá yọ ní ìrù sàn ju gíráàmù mélòó kan tí o bá fi kún imú lọ, torí ìrù jìnnà sí ibi ìdọ́gba.

Apá òsì tó já yẹn ní ìdí kejì. Bí propeller (abẹ̀bẹ̀ iwájú) ṣe ń yí sí ọ̀tún ni ara bàlúù ń fẹ́ yí sí òsì, ó sì máa ń hàn jù nígbà tí bàlúù ṣì ń rọra lọ tí iná sì pọ̀. Jẹ́ kí motor kọjú sí ọ̀tún ní bíi dígírì 2, kó sì kọjú sílẹ̀ ní dígírì 2 sí 3. Wáṣà lo máa fi ṣe é: tí ihò skúrù motor bá jìnnà síra ní 3 cm, wáṣà tó nípọn 1 mm lẹ́yìn ìhà òsì á yí i sí ọ̀tún ní bíi dígírì 2, òmíràn lẹ́yìn ìhà òkè á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí o bá sì ń jù ú, má fún un ní gbogbo iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó fún motor 2212 oní-1000KV pẹ̀lú propeller 10x4.5. Ju bàlúù náà gbọọrọ síwájú, má jù ú sókè.

Ibi tí pákó motor ti ṣí kúrò lára fóòmù, òtútù ló fà á. Gọ́ọ̀mù gbígbóná máa ń le koránkorán lọ́dọ̀ yín, á wá ṣí pẹ́ẹ́ bí nǹkan bá gbá a. Níbí, ìdàkejì rẹ̀ ni: ó ń rọ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn bá pa. Epoxy ni kí o fi lẹ pákó yẹn, kí o kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ojú pákó àti ojú bébà. Apá ní tirẹ̀, má fi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bàlúù. Fi igi suya méjì gba inú ara rẹ̀ kọjá, ọ̀kan níwájú apá, ọ̀kan lẹ́yìn, kí o fi rọ́bà dì í ní ìbúbú àti ní àgbélébùú. Tó bá forí sọlẹ̀, rọ́bà á tú, apá á fò kúrò, kò ní ṣẹ́.

Mo tún padà sórí bátìrì. Mo mọ̀ pé o máa ní "Yéwándé tún ti bẹ̀rẹ̀." Mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, torí kò sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú eré yìí tó bátìrì, ọmọ sì wà nínú ilé yẹn. LiPo, irú bátìrì tí à ń lò yìí, kì í wú lásán. Tí a bá fa iná rẹ̀ tán jù, tí a fún un jù, tàbí tó gbóná jù, kẹ́míkà inú rẹ̀ á bàjẹ́, á di gáàsì, gáàsì náà á máa ti ara rẹ̀ jáde. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o fi abẹ́rẹ́ gún un kí atẹ́gùn lè jáde. Iná gan-an ló ń tibẹ̀ là. Èéfín rẹ̀ májèlé ni. Bó bá gbiná, gbé Tómi jáde, pe 999. Tí o bá fẹ́ sọ ọ́ nù, pe ibi tí káńsù ti ń gba bátìrì, sọ fún wọn pé ó ti wú. Kò gbọdọ̀ wọ bíìnì.

Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ohun tó wú u sínú lẹ́tà rẹ: o ń fò títí motor á fi máa kú lọ, o sì ń jẹ́ kí ó kún fọ́fọ́ láti ọjọ́ Àìkú títí di Sátidé. Cell (yàrá iná inú bátìrì) kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún ní 4.2 V, kò sì gbọdọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 3.0 V láéláé. Tí o bá ti balẹ̀ tí bátìrì sì ti sinmi díẹ̀, kí cell kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní bíi 3.7 V. Fi aago sí ìṣẹ́jú 7. Kí o máa wo ohun tí ṣájà dá padà: bátìrì 2200 mAh kò gbọdọ̀ gbà ju 1760 mAh lọ, tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀, dín ìṣẹ́jú kù. 2.2 A ni kí o fi gba iná sí i, kí wáyà kékeré ẹlẹ́nu funfun fún balance, tó ń mú kí àwọn cell dọ́gba, wà nínú ṣájà, kí o sì wà lójúfò níbẹ̀. Tí o kò bá ní fò lọ́la, dá a padà sí 3.8 V fún cell kọ̀ọ̀kan. Nínú òtútù, fi í sí àpò inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ títí di ìgbà tí o máa fò. Bátìrì tó tutù kì í lè tú iná sílẹ̀ dáadáa. Fólítì á já wálẹ̀ nígbà tí o bá fún un níná, ESC á sì pa motor.

Tómi fẹ́ fò, mo gbọ́. Kó kọ́kọ́ ní Flyer ID tirẹ̀, nọ́mbà tó fi hàn pé ó yege ìdánwò fífò. Láti January 2026, ohun tó bá ti wọ̀n tó 100 g nílò rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ìwọ sì jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe ìdánwò náà torí kò tíì pé 13. Ọ̀rọ̀ Operator ID, nọ́mbà ẹni tó ni bàlúù, tìrẹ ni, lẹ nọ́mbà rẹ̀ mọ́ ara bàlúù. Dúró sẹ́yìn bàlúù pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó jù ú: ọ̀pá sí ọ̀tún, aileron (pẹpẹ etí ẹ̀yìn apá) ọ̀tún á gòkè, ti òsì á sọ̀ kalẹ̀. Fífà ọ̀pá sẹ́yìn, elevator á gòkè. Lẹ́yìn náà yọ propeller, fún un níná, pa rímóòtù: motor gbọ́dọ̀ dákẹ́. Tí kò bá dákẹ́, failsafe kò tíì sí níbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ fò. Nígbà tí bàlúù bá sì ń bọ̀ wá bá yín tí ọ̀tún àti òsì ń dàrú mọ́ ọn lójú, sọ fún un pé kó ti ọ̀pá sí ìhà apá tó ń rẹlẹ̀. Á gbé e padà.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ tọrọ. O ní ó ṣeé ṣe kí ẹ wálé ní December. Àwọn ọmọ tó ń bá mi kọ́ eré yìí ti pọ̀ ju bátìrì lọ. Ṣé o lè bá mi ra bátìrì 3S (oní-cell mẹ́ta) 2200 mAh mẹ́ta, tuntun, pẹ̀lú receiver FS-iA6B kan? Màá fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ Bùrọ̀dá kí o tó dé. Bátìrì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 24.4 Wh, kò sún mọ́ 100 Wh tí ọkọ̀ òfurufú fi ààlà sí, ṣùgbọ́n àpò ọwọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà, kò gbọdọ̀ wọ ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀. Fi téèpù bo ẹnu XT60 rẹ̀, fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, jẹ́ kó wà ní 3.8 V, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ẹ máa wọ̀ kí o tó rà á. Má kàn gbé drone tàbí odidi bàlúù wá; ìwé àṣẹ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, ni àwọn aṣọ́bodè máa béèrè, wàhálà rẹ̀ pọ̀. Tí kò bá rọrùn, má dààmú ara rẹ, receiver yẹn nìkan á tó.

Kí Bàbá Tómi fún mi.

Èmi ni,
Yéwándé

Mo tún wo àwòrán kejì tí o fi ránṣẹ́. Òǹkà 10x4.5 tó wà lára propeller kọjú sẹ́yìn, sí apá. Síwájú ló yẹ kó kọjú sí. Yí i padà kí o tó jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó ṣe wà yẹn, ọ̀pọ̀ agbára motor rẹ ń ṣòfò.