Mínísítà àná lè di adájọ́ tòótọ́

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ẹni tó bá ti ṣe mínísítà rí, tí wọ́n bá fi jẹ adájọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa gbè lẹ́yìn. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wo Roman Herzog ti Jámánì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ni. Ó ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin àti ní Speyer kó tó bọ́ sídìí ìṣèlú ní 1973, lọ́dọ̀ Helmut Kohl tó jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Rhineland-Palatinate nígbà náà. Nígbà tó di 1980, ó di mínísítà tí àwọn ọlọ́pàá wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, nínú ìjọba CDU, ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ àti ti Kohl. Ọwọ́ rẹ̀ le nígbà náà! Ó bu owó lé àwọn tó bá ṣe ìwọ́de láìgbàṣẹ, ó tún dá a lábàá pé kí ọlọ́pàá máa yin ọta onírọ́bà sí wọn.

Ní ìparí 1983 ni wọ́n yàn án sí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn, ní Karlsruhe. Ibẹ̀ ló ti bá ẹjọ́ Brokdorf, ìlú kékeré kan ní àríwá Jámánì, pàdé. Ní 1981, àwọn aláṣẹ ti fòfin de ìwọ́de káàkiri àgbègbè Brokdorf tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1985, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí Herzog ṣe alága rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba: ìwọ́de tó bẹ́ sílẹ̀ lójijì kò di èèwọ̀ torí pé wọn ò fi tó ìjọba létí ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni jàǹdùkú díẹ̀ láàárín èrò kò tó ìdí láti gba ẹ̀tọ́ àwọn tó wá ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Ẹni tó ń bu owó lé olùwọ́de lánàá ló jókòó síwájú ìgbìmọ̀ yẹn o.

Òun nìkan kọ́ ló dá ẹjọ́ náà, òfin wọn sì ràn án lọ́wọ́. Ọdún 12 ni adájọ́ ibẹ̀ ń lò, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà adájọ́ kò ní máa wá ojú rere ẹnikẹ́ni kó lè padà wọlé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ni wọ́n fi ń yàn án. Apá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kì í sábà ká a.

Herzog padà di ààrẹ Jámánì, 1994 sí 1999, òun ló sì ya ọjọ́ 27 oṣù Kìíní sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn tí ìjọba Hitler pa. Ìyẹn náà tóbi, ṣùgbọ́n ti Brokdorf ni mo kà sí jù.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa olóṣèlú tó di adájọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún wa bí wọ́n ṣe yàn án àti ọdún tí yóò lò.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.