Ọkàn inú Bíbélì máa ń ronú o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ̀wé yìí, télọ̀ ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sọ́ńdè sukúù. Ọ̀rọ̀ tó jáde lójú ewé ẹ̀sìn yín pé Ọlọ́run ò nílò orí wa, ọkàn wa ló ń wá, òun ló jẹ́ kí n gbé bírò, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi pa ọmọ kan lẹ́nu mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọbìnrin yẹn kàn béèrè pé tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló sé àyà Fáráò le, kí ló dé tó tún ń fìyà jẹ ẹ́? Bàbá kan ní jókòó jàre, orí lò ń lò, lo ọkàn ẹ. Ló bá jókòó, ó ń fi èékánná ha ẹ̀yìn Bíbélì ẹ̀, kò nawọ́ mọ́ títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, lev ni Hébérù ń pe ọkàn yẹn, ìgbà mìíràn levav, èyí tó ń lù kì-kì láyà náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ronú, tí wọ́n ti ń pète, tí wọ́n ti ń rántí nǹkan. Inú Bíbélì Hébérù ò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ọpọlọ, moach tí wọ́n ń pe ọpọlọ ní Ísírẹ́lì lónìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà níbẹ̀, Jóòbù 21:24, mùdùnmúdùn inú egungun ló sì jẹ́. Sólómọ́nì ò tọrọ ìfẹ́, lev tó ń gbọ́ràn ló tọrọ kó lè dá ẹjọ́. Ẹni tí ìwé Òwe bá ní kò ní lev, aláìlóye ló ń bú u. Ṣebí àwa náà mọ̀ ọ́n, ìyá mi tó bá ní kí n ronú, inú ló ní kí n rò, kò ní kí n sunkún!

Ibi tó ti dàrú mọ́ wa lójú ni pé nínú Bíbélì àtijọ́ wa, Jẹ́nẹ́sísì 6:5 pe lev ní ọkàn, Diutarónómì 6:5 wá pe levav ní àyà, ó fi ọkàn fún nefesh, ìyẹn ẹ̀mí ènìyàn, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Mi ò bú Bíṣọ́ọ̀bù Crowther o, ẹnikẹ́ni tó bá ti gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845 tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n ń fi ibi tó ti ń túmọ̀ hàn wá, á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, odidi Bíbélì ò parí títí di 1884.

Àyà líle wá ńkọ́? Níbí, apẹja tó bá wọ òkun nígbà tí ìgbì ń ru, a máa ní àyà ẹ̀ le, ìyìn ni. Ti Fáráò kì í ṣe ìyẹn, lev tó kọ̀ láti yí padà ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Hébérù lò fún un ni pé ó wúwo. Kó tó di pé Ẹ́kísódù 9:12 ní OLÚWA sé e le, orí 8 ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ 15 àti 32, pé Fáráò fúnra ẹ̀ ló ṣe é.

Sọ́ńdè tó kọjá mo pe ọmọ yẹn, mo ṣí i hàn án. Ó kà á, ó ká ètè, ó ní: Ántí, orí 4 ẹsẹ 21 ńkọ́, ṣebí Ọlọ́run ti sọ níbẹ̀ pé òun máa sé e le kí Mósè tó dé Íjíbítì pàápàá? Mo ní kó jẹ́ ká padà sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti àná, mo ń ránṣọ, mò ń rò ó, mi ò tíì rí i dáhùn.